Okùn Kànga Ọdúnjọ

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn baba wa tó pa òwe yìí kò sọ pé ọmọ ènìyàn nìkan là ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu rẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ lè ti sọ tirẹ̀, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lè ti sọ tirẹ̀, kí ẹlẹ́rìí tó mọ gbogbo rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ohunkóhun, nítorí pé kò lẹ́nu.

Ẹlẹ́rìí ti ọ̀rọ̀ yìí, kànga ni.

Àárọ̀ Ọjọ́rú kan ni, ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gbogbo Ìkátè, eruku sì ti sọ ewé àgbọn di pupa. Adébùkọ́lá sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ márúwá lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé Ọdúnjọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni obìnrin náà ní àgọ́ ọlọ́pàá kan lọ́nà Ajah. Kò ga, kì í sáré, kì í sì í bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kó tó gbàdúrà sínú. Kàmál, ọlọ́pàá ọ̀dọ́ tó ń bá a rìn, ti mọ ìwà rẹ̀. Ó dúró tì í títí ètè rẹ̀ fi dákẹ́.

"Kí lẹ bẹ Ọlọ́run, ọ̀gá?"

"Pé kó la ojú mi. Kó sì pa ìwọ lẹ́nu mọ́ díẹ̀."

Wọ́n kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tó dojú kọ títì, tí wọ́n kọ orúkọ Babájídé Ọdúnjọ sí lára. Ẹnìkan ti fi iyanrìn dúdú tẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìkarahun wẹ́wẹ́ sì ń dán nínú rẹ̀. Adébùkọ́lá fi bàtà tì í díẹ̀, ó wo iyanrìn funfun tó yí gbogbo ibẹ̀ ká, ó sì wọlé lọ láì sọ nǹkan kan.

Nínú agbo ilé, tánkì ńlá kan jókòó lórí irin gíga, páálí sólà sì wà lórí òrùlé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kànga wà lábẹ́ tánkì, wọ́n fi ìdérí onísìmẹ́ǹtì dé e. Ọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún jókòó sórí bákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé, àwọn ọmọ ilé méjì dúró tì í lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n tẹ́ àpò iyọ̀ kan tó ṣófo síwájú rẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní fún àlejò.

Màmá Rẹ̀míláyọ̀ Ọdúnjọ, àgbà ilé náà, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Adébùkọ́lá kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. O ṣeun tó o wá. Kọ́kọ́ mu omi ná."

Wọ́n gbé ife omi fún un. Ó mu ún, ó rọra gbé e mì, ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Ó níyọ̀, mà."

"Bí mo bá fi ṣe ọbẹ̀, ó kù kí n wá ata." Màmá kò rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. "Ọ̀sà wà níwájú wa, òkun wà lẹ́yìn wa, ọmọ mi, omi mímu ló wọ́n wa. Gbogbo òpópó yìí, kànga yìí nìkan ni wọ́n ń mu. Aboyún ń mu ún, ọmọ ọwọ́ ń mu ún. Mẹ́rúwà tó ń ta omi kì í dé ọ̀dọ̀ wa nítorí pé kò sí ohun tó fẹ́ wá tà. Àfi ìgbà tí ọmọ yìí dé."

Ọmọ tí Màmá ń sọ, ẹni tó jókòó sórí bákẹ́ẹ̀tì, ni Fuad, oníná, ará Ìwó, tó háyà yàrá kan lẹ́yìn ilé náà. Òun ló so sólà mọ́ pọ́ńpù kànga. Ọ̀sẹ̀ tó so ó náà ni òun àti Babájídé, ọmọ Màmá, ṣe gbólóhùn asọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, nítorí pé ìyàwó Fuad tó lóyún ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ pọn omi. Fuad sọ nínú ìbínú pé omi náà kò ní í dùn lẹ́nu wọn. Ṣe ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í níyọ̀ lóòótọ́, wọ́n sì rí àpò yìí lẹ́yìn kànga.

"Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni nà án," Màmá wí. "Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé mi, kẹ́yin náà mú un lọ sí kóòtù."

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, obìnrin kan tó lóyún gbíràmù ń ká aṣọ sínú báàgì. Kò gbójú sókè.

* * *

"Ìwọ lo ra iyọ̀ yìí?" Adébùkọ́lá bi Fuad.

"Èmi ni, mà."

Kàmál ti ń yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. "Ọ̀gá, ó ti jẹ́wọ́."

"Kàmál."

"Mà."

"Ìwọ náà lọ mu omi." Ó yíjú padà sí Fuad. "Kí lo fi ṣe?"

"Mo rì í mọ́lẹ̀, mà. Téèyàn bá gbé sólà sókè, wáyà kan gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ lọ, kí iná má bàa gbé ẹni tó ń pọn omi. Iyanrìn ibí ti gbẹ jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í gba iná. Àwa oníná máa ń gbẹ́ kòtò, àá ri irin mọ́ ọn, àá da èédú àti iyọ̀ yí i ká. Iyọ̀ ló máa ń jẹ́ kí iná rọ́nà gbà. Gbogbo oníná ló mọ̀ ọ́n."

"Ṣé o sọ fún wọn?"

"Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, mà. Bí mo bá ti pe iyọ̀ báyìí, wọ́n á pariwo."

"Ọ̀rọ̀ tó o sọ fún Babájídé ńkọ́?"

Fuad wo ilẹ̀. "Mo sọ ọ́, mà. Inú ló bí mi. Ó ní kí ìyàwó mi lọ lóyún sí ìlú wa."

Wọ́n gbẹ́ ibi tó júwe. Irin wà níbẹ̀, èédú wà níbẹ̀, iyọ̀ sì ti di mọ́ èédú bí ìkòkò tó jóná. Ẹni tó da iyọ̀ sínú kànga kò tún ní í rí iyọ̀ dà sí ibí.

Kàmál kò tíì juwọ́ sílẹ̀. Ó fi ojú wọn ilẹ̀ láti ibi kòtò dé kànga. "Ọ̀gá, kò jìnnà. Bóyá kò dà á sínú kànga, ṣùgbọ́n iyọ̀ náà ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú rẹ̀."

"Èyí tó o sọ yìí mọ́gbọ́n dání," Adébùkọ́lá wí, inú Kàmál sì dùn títí ó fi gbọ́ ìyókù. "Nítorí náà, gba ṣọ́bìrì yẹn. Gbẹ́ ilẹ̀ àárín méjèèjì títí wàá fi bá omi."

Ilẹ̀ Ìkátè kì í fi omi pamọ́ jìnnà. Nígbà tí ihò náà dé ìbàdí Kàmál, omi sun wá. Adébùkọ́lá fi ife bu ú, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e fún Màmá.

"Eléyìí dùn," Màmá wí.

"Iyọ̀ tó bá fẹ́ rìn láti ọ̀dọ̀ Fuad lọ sínú kànga, ibí ló máa gbà, mà. Kò gba ibí."

* * *

Adébùkọ́lá jókòó sí etí kànga. Ó ní kí wọ́n tan pọ́ńpù, tó ti ń sinmi láti ìgbà tí oòrùn àná ti wọ̀.

"Ẹ ti gbọ́ ti ènìyàn," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti kànga."

Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan jáde nínú báàgì, kò ju kálámù lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń yẹ omi wò fún iṣẹ́ ìjọba ló fún un. Bí wọ́n bá tì í bọ inú omi, nọ́ńbà á yọ. Bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ń ga.

"Ohun tí Fuad sọ gan-an ni ẹ̀rọ yìí ń lò," ó wí. "Ó ń rán iná díẹ̀ kọjá nínú omi. Iná fẹ́ràn iyọ̀."

Ó bu ife àkọ́kọ́ nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Ó jẹ́ kí pọ́ńpù ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó bu òmíràn. Ó jẹ́ kó tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó bu ẹ̀kẹta. Ó tò wọ́n sí etí kànga.

"Kàmál, tọ́ wọn wò bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra."

Ti àkọ́kọ́, Kàmál mi orí. Ti èkejì, ó ti ètè rẹ̀ síta. Ti ẹ̀kẹta, ó tu ú dànù, àwọn ọmọ ilé méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ náà gun òkè bí Kàmál ṣe ń fajú ro.

"Ṣé o máa ń dáná?" Adébùkọ́lá bi í.

"Díẹ̀díẹ̀, ọ̀gá."

"Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀ rẹ, tó ò ń bu ọbẹ̀ kúrò, tó o sì ń da omi lásán rọ́pò rẹ̀, báwo ni ọbẹ̀ yẹn ṣe máa rí?"

"Á tẹ́."

"Iyọ̀ tí ẹnìkan dà sínú kànga lẹ́ẹ̀kan, bí a bá ṣe ń fa omi ni yóò máa lọ. Ó ti yẹ kó tẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n ti kànga yìí, bí a bá fi í sílẹ̀ kó sinmi, ó ń rọ̀. Bí a bá ń fà á, ó ń le. Ẹni tó ń fi iyọ̀ sí i kò tíì jáwọ́."

"Ta ni?" Màmá bèèrè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ó wà nísàlẹ̀, mà."

* * *

Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ gbà. Ó dìde, ó fọ̀pá tilẹ̀ wá sí etí kànga.

"Baba ọkọ mi ló gbẹ́ kànga yìí. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò bá iyọ̀ nínú rẹ̀ rí. Kànga tó wà ní ojúlé kejì kò níyọ̀ dòní, àfi pé kò lómi. Bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló ń fi iyọ̀ sí i, kí ló ń dúró dè láti ayébáyé?"

Ìbéèrè náà wọ Adébùkọ́lá lára. Àwọn ọmọ ilé ń wò ó, wọ́n rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n ìyá Adébùkọ́lá kò fi ilé ìwé kọ́ ọ, oríkì ni ìwé tó kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́, ó sì ti kọ́ ọ pé ohun tí ilé kan bá bẹ̀rù jù, inú oríkì ni wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀ sí kí ọmọ má bàa gbàgbé.

"Màmá," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ki ẹni tó gbẹ́ ẹ."

"Nísinsìnyí?"

"Ó ti ṣe iṣẹ́ fún gbogbo àdúgbò, mà. Ẹ jẹ́ kí á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ká tó máa bá a wíjọ́."

Ojú àgbà obìnrin náà rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì gbọn díẹ̀ kó tó múlẹ̀:

"Ọdúnjọ, ọmọ agbẹ́lẹ̀-kan-adùn,
Ọmọ afigbá-pàdé-òjò lábẹ́ iyanrìn.
Ọ̀sà pè é, kò dáhùn,
Òkun pè é, kò yà á.
Ọmọ okùn-ò-gbọdọ̀-gùn:
Ẹni bá fi kún okùn,
Omijé ni yóò fà sókè."

Adébùkọ́lá gbójú sókè díẹ̀díẹ̀.

"Okùn wo ni, Màmá?"

"Okùn kànga ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e. Bí bákẹ́ẹ̀tì bá kan ilẹ̀ nísàlẹ̀, ibẹ̀ náà ni okùn tán sí lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á. Ó ní ẹnikẹ́ni nínú ìran òun kò gbọdọ̀ fi kún un, nítorí náà kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbẹ́ kànga kọjá bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí pọ́ńpù ti dé, a ò lò ó mọ́. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi."

"Ẹ jẹ́ ká gbé e wá, mà."

"Okùn yẹn ti gbó, Màmá." Babájídé ló sọ̀rọ̀. Ọkùnrin sísanra kan ni, ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, kò sì sọ nǹkan kan láti àárọ̀ bí kò ṣe pé ó dúró síbi òjìji tánkì. "Ó máa já sínú omi."

"A ó rọra mú un, bàbá," Adébùkọ́lá dá a lóhùn.

Wọ́n ṣí ìdérí kànga, wọ́n gbé okùn náà wá. Wọ́n so bákẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, wọ́n fi òkúta sínú rẹ̀ kó lè rì. Màmá ní òun ló máa sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ó tú u sílẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó ń gbà á lọ́wọ́ kejì, bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà, títí tí okùn fi tán sí i lọ́wọ́.

Ó dúró. Okùn náà nà gbọọrọ, ó ń mì lọ, ó ń mì bọ̀.

"Kò kan ilẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́. "Tẹ́lẹ̀, bó bá kan ilẹ̀, ó máa ń rọ̀ mí lọ́wọ́. Kò kan ilẹ̀."

Adébùkọ́lá yíjú sí òjìji tánkì.

"Bàbá, níbo lẹ ti rí iyanrìn dúdú tẹ́ ẹ tẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù yín?"

"Mo rà á ni."

"Oníyanrìn wo ló ń ta ti ìkarahun? Ẹni tó bá fi kọ́lé, ilé á wó lé e lórí."

Babájídé wo ìyá rẹ̀, ó wo okùn tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn, aṣọ funfun tó wọ̀ kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́.

"Omi ti ń sá," ó wí. "Àwọn obìnrin ń tò láti òwúrọ̀, pọ́ńpù ń fa afẹ́fẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá bi yín, ẹ ò ní í gbà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ kí Àǹtí ní VGC, lọ́sẹ̀ tí wọ́n so sólà náà, ni mo pe agbẹ́kànga."

* * *

Ọláṣẹ̀hìndé ló ń jẹ́, ará Ṣakí. Wọ́n pè é lórí fóònù níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ìkọ́lé nítòsí Jákáńdè, ó sì dé pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lẹ́sẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó tún dọ̀bálẹ̀ fún ọlọ́pàá.

"Èmi ni mo gbẹ́ ẹ, mà. Mo gbẹ́ ẹ jìn sí i, mo sì fi páìpù kún pọ́ńpù kó lè dé ìsàlẹ̀. Ṣé ó wó ni?"

"Kò wó. Kí ló dé tó o fi rò pé ó yẹ kó jìn?"

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ló dé tí wọ́n fi ń fi ẹnu jẹun. "Ní Ṣakí, mà, bí omi bá sá, àá lé e bá nísàlẹ̀ ni. Àpáta là ń fọ́. Bó bá ṣe ń jìn, bẹ́ẹ̀ ló ń tutù, bẹ́ẹ̀ ló ń dùn. Baba mi ló kọ́ mi. Nígbà tí iyanrìn ibí ṣàdédé dúdú, mo sọ fún wọn pé a ti débi omi gidi."

"Òótọ́ ni baba rẹ sọ nípa Ṣakí," Adébùkọ́lá wí. "Ẹ bá mi wá ife onígíláàsì, iyọ̀ díẹ̀, àti sóbò."

Ó po iyọ̀ mọ́ sóbò pupa náà, ó dà á sí ìdí ife. Ó wá fi ẹ̀yìn ṣíbí gba omi tó mọ́, ó ń dà á lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ sún mọ́ ọn. Omi mímọ́ náà jókòó lókè, pupa jókòó nísàlẹ̀, wọn kò dàpọ̀.

"Pupa yìí ni omi òkun àti ọ̀sà. Ó ti wọ abẹ́ gbogbo ilẹ̀ wa, láti ibí dé Ajah. Omi òjò tí iyanrìn mu ló sùn lé e lórí, bí ọmọ ṣe ń sùn sẹ́yìn ìyá, nítorí pé iyọ̀ wúwo. Òjò ló ń fi kún un. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í fi nǹkan kan kún un. Ohun tí a ní kò ju ti òkè yìí lọ."

Ó ti ọ̀pá oníhò tí wọ́n fi ń mu mínírà bọ ojú omi, ó rọra fà á. Omi mímọ́ ló gòkè. Ó wá tì í jìn, ó gbé ẹnu rẹ̀ fún Babájídé.

"Ẹ bá mi fà á, bàbá. Ẹ fà á dáadáa."

Pupa náà gbéra láti ìsàlẹ̀, ó ga sókè nídìí ọ̀pá náà bí òkìtì èèrùn, ó sì wọlé sí Babájídé lẹ́nu. Ó gbé e mì. Kò tu ú.

"Baba yín àgbà kò ní irú ẹ̀rọ yìí," Adébùkọ́lá wí, "ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí adùn parí sí, ó sì fi okùn sàmì sí i."

"Ǹjẹ́ ó máa padà?" Màmá bèèrè.

"Á padà, mà, bí Ọlọ́run bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò ní í yá. Kí Ọláṣẹ̀hìndé fi iyanrìn funfun dí ohun tó gbẹ́, títí okùn yín á fi tún kan ilẹ̀. Kí pọ́ńpù kúrò nísàlẹ̀ pátápátá, kó máa fà á díẹ̀, kó máa sinmi. Mo máa fi ẹ̀rọ yìí sílẹ̀ fún yín. Bí nọ́ńbà bá ti ń gòkè, ẹ pa pọ́ńpù, ẹ má ṣe bá a jà. Bí òjò bá sì dé, ẹ darí omi òrùlé sínú ilẹ̀, kó má ṣàn lọ sí títì. Òun lẹ ó mu lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀."

Kàmál súnmọ́ etí rẹ̀. "Ọ̀gá, ta la máa mú báyìí?"

"Kò sí yàrá ní àgọ́ wa tí wọ́n ń ti àìmọ̀kan mọ́. Ti ẹni tó mọ̀ tó sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ," ó wo Babájídé, "ìyá rẹ̀ ló ni ìyẹn."

Babájídé ti dìde. Ó dúró níwájú Fuad, kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. "Mo rò pé bóyá iyọ̀ rẹ náà ni," ó wí. "Mo fẹ́ kó jẹ́ òun ni. Má bínú."

Fuad gba orí àpò iyọ̀ kọjá, ó gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ìyàwó rẹ̀ ti di ẹrù tán, ó jókòó lé e lórí, ó fi ọwọ́ kan gbé ikùn rẹ̀ dúró. Gbogbo agbo ilé ń wò wọ́n. Nínú gbogbo wọn, Fuad nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe so pọ́ńpù náà.

Màmá Ọdúnjọ kò rán ẹnikẹ́ni sí i. Ó gbẹ́sẹ̀ nílẹ̀ fúnra rẹ̀, okùn tútù tó ti fà sókè náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ro omi sí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé iwájú ọmọkùnrin náà.

"Fuad."

"Mà."

"Jọ̀wọ́, bá mi fa pọ́ńpù yẹn sókè."